ÌJỌBA ÀTI ÀWỌN ONÍLẸ̀: GBÈSÈ TÍ A KÒ TÍÌ SAN

Kò sí ẹni tí ń gba Mowe àti Ibafo kọjá lọ sí Ìbàdàn, tàbí tí ń gba Ifo lọ sí Abẹ́òkúta, tí kò ní í rí i kà lára ògiri pé a kò ta ilé báyìí-báyìí. Ẹ̀rù ni ó ń mú onílé kọ bẹ́ẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a tà fún un lánàá ni a lè tà fún ẹlòmíràn lónìí.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní 2016, Gómìnà Ibikunle Amosun fọwọ́ sí òfin tí ó sọ fífi ipá wọ orí ilẹ̀ di ọ̀ràn ńlá. Ìjọba rẹ̀ kan náà ni ó dín owó ìwé ilé kù fún àwọn tí ó ti kọ́lé láìgbàwé. A yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilẹ̀ ni ètò méjèèjì ṣe lóore jù. Ẹbí tí ilẹ̀ jẹ́ ti baba wọn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Apapa, wọ́n ní Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín, nítorí náà owó díẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Olóyè náà kò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nígbà tí ó sì di 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, àti pé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ san. Ìdájọ́ yìí rìn jìnnà. Àwọn adájọ́ tọ́ka sí i ní Kánádà ní 1973. Wọ́n tún tọ́ka sí i ní Australia ní 1992, nínú ẹjọ́ Eddie Mabo, tí ó fi ìdí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ múlẹ̀. Ọdún 2008 ni Olórí Ìjọba wọn, Kevin Rudd, wá tọrọ àforíjì nílé aṣòfin nítorí àwọn ọmọ tí a já gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà.

Ní ilé wa ńkọ́? Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 1978, ìjọba ológun fi àṣẹ kan kó gbogbo ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí a bá gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó ohun ọ̀gbìn àti ilé orí rẹ̀ ni a ń san. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iye. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì dáàbò bo àṣẹ yìí, tí kò fi rọrùn láti yí padà. Ohun tí Olúwa gbà lọ́wọ́ òyìnbó, ọwọ́ ara wa ni a fi gbà á padà. Ní èrò tiwa, ẹbí tí ó mọ̀ pé ìjọba lè gba ilẹ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní í ṣàì yára tà á.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ẹ̀tọ́ àjogúnbá tí ó ní kí a ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, tàbí kí a máa gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ tíṣà tí ó fi ogún ọdún tu owó jọ. Ẹni náà kọ́ ni ó fi ìyà jẹ baba yín.

Nítorí náà, kí ìjọba bá àwọn ẹbí jókòó ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ààlà sílẹ̀, kí wọ́n sì kéde ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Èyí tí a gbà tí a kò lò, kí a dá a padà. Kí àwọn aṣòfin ní Àbújá tún òfin 1978 ṣe, kí ilẹ̀ lè ní iye. Kí olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i pé títà ẹ̀ẹ̀mejì ti parí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ bi olùdíje yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó dìbò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn 1921.

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó jẹ gbèsè kọ́kọ́ san án, kí ó tó bẹ̀ wá pé kí a gbàgbé.