Ìsinmi ní Bràsíìlì: Ta Ni A Fẹ́ Lọ Kí?

Bí ọmọ Yorùbá tí ó rówó ná bá ń gbèrò àtilọ lo ìsinmi ní ilẹ̀ Bràsíìlì, Rio ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: etíkun Copacabana, ère Jésù gàgàrà orí òkè Corcovado, àti ijó Kánífà. N kò bá Rio jà. Ìlú náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ẹni tí yóò la òkun kọjá, tí yóò wá fo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá, tí yóò kọjú sí ilé ọtí?

Ilé ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí ni Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ bí ẹrú nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ Yorùbá. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí tí ó dìtẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1835. Títí di òní, àwọn obìnrin a máa wọ aṣọ funfun jókòó sẹ́bàá títì, wọn a máa din àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2005, ìjọba ka iṣẹ́ wọn mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ó ti bu irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún alákàrà nílé wa níhìn-ín?

Àwọn tí ó tilẹ̀ ń dé Bahia ni wọ́n ń bí mi nínú jù. Nílé, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn wo egúngún; ilé Sátánì ni wọ́n ń pe ojúbọ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, ẹ óò bá wọn ní etíkun Rio Vermelho ní Salvador, níbi tí èrò ti ń fi òdòdó àti lọ́fínńdà ta Yemọja lọ́rẹ, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń fi àṣà wa yangàn. Ṣé òkun ni ó wẹ ẹ̀ṣẹ̀ òrìṣà nù ni?

Àwọn tí ó pa nǹkan wọ̀nyí mọ́ jìyà lórí rẹ̀. Ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé wọn, a máa kó ìlù wọn lọ. Ní Bahia, títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó ṣọdún. Kì í ṣe nítorí kámẹ́rà àlejò ni wọ́n ṣe forí tì í.

Nítorí náà, Salvador ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Ẹ wọ funfun ní ọjọ́ Jímọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ti ń ṣe nítorí Ọbàtálá. Bí wọ́n bá pè yín sí ilé òrìṣà, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ni ó ka yíya fọ́tò léèwọ̀ nígbà ètùtù. Ẹ má sì fi Yorùbá inú orin wọn rẹ́rìn-ín. Àwa tí a kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìfi Gẹ̀ẹ́sì lú u, kí ni a fẹ́ tún ṣe fún wọn?

Rio kò ní sá lọ. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni bàálù ń gbà láti Salvador. Bí ẹ bá sì débẹ̀, kí ẹ tó ya sí Copacabana, ẹ béèrè èbúté Valongo tí wọ́n ti ń já àwọn ẹrú sílẹ̀, èyí tí wọ́n hú jáde lábẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 2011.