Fóònù Kì Í Ṣe Àpótí Ìpamọ́

Bí ẹnìkan bá béèrè lónìí pé níbo ni ìtàn ilé-ìwé wa àti ìtàn ìdílé wa wà, ìdáhùn òtítọ́ ni pé inú àpò ṣòkòtò àti inú báàgì ọwọ́ ló wà. Àwòrán ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ wa, ohùn àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti darúgbó, ìwé ilẹ̀, fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni a ti kó sínú fóònù kan ṣoṣo tí omi lè bà jẹ́, tí olè sì lè já gbà lọ́wọ́ wa lójú títì. Àwọn òbí wa ní àpótí pákó lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tí í gbé àpótí náà lọ sí ọjà. Àwa ni a kọ́kọ́ gbé àpótí ìdílé gun ọ̀kadà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ: ohunkóhun tó bá ṣe iyebíye nínú fóònù yín, ẹ jẹ́ kí ó ní ẹ̀dà kejì nínú kọ̀ǹpútà ilé yín, kí ọjọ́ ibi tó dé. Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùfáà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọba Jèhóíákímù fi ọ̀bẹ gé ìwé wòlíì Jeremáyà, tí ó sì sọ ọ́ sínú iná, Bárúkù akọ̀wé mú ìwé mìíràn, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ẹnu wòlíì náà, àní pẹ̀lú àfikún. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Jeremáyà ṣì wà láàyè láti tún un sọ. Bí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá ti kú ńkọ́?

Ìtàn tó dáhùn ìbéèrè yẹn kò jìnnà sí wa. Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, lo ohun tó lé ní ogún ọdún láti kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 a ti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé náà ní 1900, èsì tó rí gbà ni pé a ti ṣi ìwé náà gbé sí ibì kan, a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n a ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Ta ni yóò fi owó ra ẹnu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti sùn? Ní 1901 Àlùfáà Johnson fúnra rẹ̀ kú.

Ohun tó gba ìtàn Yorùbá là ni àwọn àkọsílẹ̀ àti àwọn ẹ̀dà aláìpé tí olóògbé náà fi sílẹ̀ nílé. Láti inú wọn ni Dókítà Obadiah ti tún gbogbo ìwé náà kọ. Nígbà tí a sì fi èyí náà ránṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1916, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, èyí tí ń jẹ́ Appam, lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìdì ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ní 1921 ni ìwé jáde, lẹ́yìn tí Dókítà Obadiah náà ti di olóògbé ní 1920. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí èyí tí ó rí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti Àjàyí Crowther. Ní 1862, ọdún méjì ṣáájú kí a tó yà á sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń ṣà jọ fún ọdún mọ́kànlá jóná pátápátá. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo máa ń rò ó pé òwe mélòó la kò ní gbọ́ mọ́ láéláé nítorí alẹ́ ọjọ́ kan yẹn.

Bí mo bá ti sọ báyìí, èsì tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Bàbá, ó ti wà lórí Google." Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ̀wé òkè òkun ayé àwọn Johnson kọ́ nìyẹn bí? Ilé onílé ni, òfin onílé ni a ó sì tẹ̀lé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni Google ti dáwọ́ ìpamọ́ àwòrán ọ̀fẹ́ aláìlópin dúró. Gígábáìtì 15 ni ó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà àti àwòrán ló sì jọ ń pín in. Láti ọdún 2024, ẹ̀dà WhatsApp tí fóònù Android ń fi pamọ́ síbẹ̀ náà ti wọ inú ìṣirò. Ti Apple kò ju gígábáìtì 5 lọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023, Google lè pa àkántì tí a kò lò fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì! Nílẹ̀ wa, ìdílé mìíràn kì í tíì parí ọ̀rọ̀ ogún olóògbé láàárín ọdún méjì. Ẹ̀yin náà kò sì ní gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dá kú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí a fi pamọ́ kò sọnù lọ́jọ́ náà. A kàn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni kó tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí iná lè jó ilé tiwa náà. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ibẹ̀ má ṣe jẹ́ ibì kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ àlùfáà a máa gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù lọ. Bàbá kú, a fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, àwọn ọmọ ń wá àwòrán tó dára. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó wà nínú fóònù Bàbá. Fóònù náà sì nìyí lórí tábìlì, ó tì pa. Àtàǹpàkò tó ń ṣí i ti wà ní mọ́ṣúárì, páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ ti bá olóhun lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, àwòrán pélébé ara káàdì ìdánimọ̀ ni a ó fẹ̀ títí ojú yóò fi di ìkùukùu. Ìgbà tó sì jẹ́ ohùn ìyá ni wọ́n ń wá, ìwúre tó fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìbí, kò sí àwòrán káàdì tó lè rọ́pò ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ti ìlú wa Ìdànrè tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lórí òkè, ẹni tó bá lágbára àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lè gùn ún lọ wò wọ́n. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n àwọn tí a bí sórí òkè náà, kí àwọn ènìyàn wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọn kò sí mọ́. Àwọn ọmọ wọn tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn náà ti di arúgbó. Bí ọmọ-ọmọ kan bá ti gba ohùn irú àgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú fóònù, ní ojúlówó èdè Ìdànrè, kò sí ìjọba tó ń ṣọ́ ọ. Òun nìkan ni aṣọ́bodè.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fóònù náà, kí ẹ sì yan "File transfer" nígbà tó bá béèrè. Nínú fódà DCIM ni àwòrán tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà wà. Ti WhatsApp, àti ohùn àwọn ènìyàn, wà nínú fódà "Android", lábẹ́ "media". Ẹni tó ń lo iPhone yóò lo ètò Apple Devices lórí Windows, tàbí Finder lórí Mac. Bí ó bá sì fi páàsìwọ́ọ̀dù dè é, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ kò ní lè ṣí ẹ̀dà náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ má gé e kúrò. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù, ẹ ṣí díẹ̀ wò nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbọ́ ohùn kan dé òpin. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú àwòrán àti ọdún rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tún kó o sínú háàdì dísìkì kan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé e sí ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní ìlú mìíràn, nítorí ẹ mọ ohun tí iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣe fún ẹ̀rọ nígbà òjò.

Fún ayẹyẹ wa yìí, mo dábàá pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́dún kọ̀ọ̀kan gba àwọn àwòrán àti ohùn àwọn olùkọ́ wa jọ, kí a kó wọn sínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kí ẹ̀dà kejì sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán gan-an ni kí ẹ ti gbà á, nítorí èyí tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá ti máa ń dín kù ní dídán. Kí olúkúlùkù sì mú wáyà tirẹ̀ dání: ọ̀pọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì, iná nìkan ni ó ń gbé, kò lè gbé àwòrán.