Ẹsẹ̀ Jimmy Shand àti Ohun tí À Ń Pè ní Orin Ìbílẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán ní kíláàsì Yorùbá nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan orin jùjú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò nawọ́ sókè, yóò ní: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ka orin I.K. Dairo mọ́ orin ìbílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ pé akọ́díọ̀nù òyìnbó ni ó fi ń kọ ọ́?" Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ a máa dáhùn pé àdàlù ni, a ó sì kọjá síbi tí ó kàn. Ní tèmi, ìdáhùn yẹn kù díẹ̀ káàtó. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a rò pé wọ́n ni akọ́díọ̀nù, kí a wo ìgbésí ayé ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí mo mú ni Jimmy Shand, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì.

Ọdún 1908 ni a bí Shand ní East Wemyss, ní agbègbè Fife. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ akọ́díọ̀nù kékeré oníbọ́tìnì tẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún 14 ni Shand nígbà tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀, tí òun náà wọ ihò èédú lọ. Nígbà tí àwọn awakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1926, ó ń lọ tẹ akọ́díọ̀nù níbi àpèjọ tí a fi ń kówó jọ fún àwọn tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí èyí, wọn kò gbà á padà sí ibi ìwakùsà mọ́. Kí ó tó di gbajúmọ̀ rárá, ó ti fi orin sin àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ti jìyà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó yà sí ilé ìtajà ohun èlò orin kan ní ìlú Dundee, ó gbé akọ́díọ̀nù kọ́ àyà láti dán an wò lásán. Bí olówó ọjà ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fún un ní iṣẹ́: kí ó máa gbé ohun èlò orin káàkiri láti tà, kí ó sì máa gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n rà á ní àwìn. Ó ṣe àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1933. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ ṣe ìdánwò ní ilé iṣẹ́ rédíò BBC, kò yege. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ bí ó ti ń tẹ akọ́díọ̀nù.

Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Nínú ijó àjùmọ̀jó ilẹ̀ Skọ́tlándì, tọkùnrin tobìnrin a máa tò kọjú síra wọn. A máa ń pín orin sí ìwọ̀n ìlù mẹ́jọmẹ́jọ, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Kí ìwọ̀n mẹ́jọ tó pé, oníjó gbọ́dọ̀ di ẹnì kejì lọ́wọ́ mú, kí ó yí i po, kí ó sì padà sí àyè rẹ̀. Bí olórin bá sáré, oníjó a kọsẹ̀. Bí ó bá fà, ẹsẹ̀ a wúwo, agbo a sì dàrú. Nítorí náà, ẹsẹ̀ tí Shand ń kì mọ́lẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni ó ń ṣọ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí ìyáàlù ṣe ń darí oníjó lójú agbo yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ìgbà tí ó yá, rédíò náà gbà á. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1945 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣeré lórí afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1955, orin rẹ̀ "Bluebell Polka" wọ inú 20 àkọ́kọ́ nínú àwọn àwo tí ó ń tà jù ní Bìrìtìkó. Ó gba oyè MBE ní ọdún 1962. Síbẹ̀, gbogbo ariwo yìí kò yí ojú rẹ̀ padà: ojú rẹ̀ a le koko lórí pèpéle, kì í sábà rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn tí ń jó ni ó ni òde, kì í ṣe òun. Nígbà tí ó dín iṣẹ́ kù ní ọdún 1972, àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké ìgbèríko ni ó yàn láti máa ṣeré fún, owó tí ó ń gbà níbẹ̀ sì kéré. Ní ọdún 1999 ni ó gba oyè Sir; ó kú ní ọdún 2000, ní ẹni ọdún 92.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Akọ́díọ̀nù kì í ṣe ti Skọ́tlándì rárá. Vienna ni Cyrill Demian ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1829. Niel Gow, ògbóǹtarìgì olórin ijó Skọ́tlándì, fayolíìnì ni ó ń ta, ó sì ti kú ní ọdún 1807 kí akọ́díọ̀nù tó dé ayé. Kódà, akọ́díọ̀nù tí a fi orúkọ Shand pè, Shand Morino, ilé iṣẹ́ Hohner ti Jámánì ni ó ṣe é. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ orin Shand tí yóò ní orin Jámánì ni.

Àwọn kan lè ta kò mí pé irú ẹgbẹ́ alákọ́díọ̀nù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú agbára rédíò àti àwo, bo ohùn àwọn ata-fayolíìnì abúlé mọ́lẹ̀. N kò jiyàn. Ohun tuntun kì í wọlé kí ó má ti nǹkan sẹ́yìn, ó sì tọ́ kí a máa kọ àdánù náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí ẹnikẹ́ni kò jó mọ́ ti wà lójú ọ̀nà ikú, bí ohun èlò rẹ̀ tilẹ̀ ti pẹ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọdún kan lẹ́yìn tí Shand gba MBE, ní ọdún 1963, I.K. Dairo náà gba oyè kan náà. Ó ti gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ó jẹ́ kí ó máa bá gángan sọ̀rọ̀, ó sì fi èdè Yorùbá kọrin fún àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ tí wọ́n sì jó o. Bí akọ́díọ̀nù bá lè di ọmọ Skọ́tlándì lọ́wọ́ Shand, kí ni kò ní jẹ́ kí ó di ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ Dairo?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìbéèrè yẹn bá tún wáyé, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí ibi tí a ti ra ohun èlò. Ẹ ní kí ó wádìí ta ni orin náà ń sìn, èdè wo ni ó ń sọ, àti ẹsẹ̀ ta ni ó ń dáhùn sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má sì fi èyí ṣe àwáwí láti sá fún ẹ̀kọ́ ilé. Shand ti gbọ́ orin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ó tó wọ ilé ìtajà Dundee. Ẹni tí ó bá mọ orin ilé rẹ̀ ni ó lè yá ohun èlò àlejò láìsọnù.