Kì í Ṣe Gbogbo Táyà Tó Bá Wọ Ríìmù Ló Lè Gbé Ẹrù

Ọ̀rọ̀ kan ti sú wa láti máa gbọ́ lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu fọkanáísà, àti lẹ́nu àwọn tó ń buwọ́ lu owó àtúnṣe ọkọ̀: "Ó ṣáà wọ̀ ọ́." Lójú wọn, bí táyà bá ti wọ ríìmù píkọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ parí. Àwa ò gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka geology, ẹ̀yin ará agric, gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n ń fi Hilux gbé lọ síbi ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde náà, tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù kó sìmẹ́ńtì tàbí oúnjẹ adìyẹ kiri.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n kọ bó ṣe tóbi tó sí, ẹ ó rí nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan. Lẹ́tà yẹn ń sọ eré tí táyà lè sá dé. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ẹrù tó lè gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye kílò, àmì ni. 98 jẹ́ 750 kg fún táyà kan, 104 jẹ́ 900 kg, 110 jẹ́ 1,060 kg.

Ẹ jẹ́ ká mú 205R16, tí a máa ń rí lẹ́sẹ̀ Hilux. Ọ̀kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 104. Òmíràn wà tí wọ́n fi C sí lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 110. Ríìmù kan náà ni àwọn méjèèjì máa wọ̀, ṣùgbọ́n 160 kg ló wà láàárín wọn. Lórí táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó di 320 kg, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà lọ. Ẹ̀yìn yẹn gan-an la sì ń di ẹrù sí.

Wọ́n á ní, "A máa fẹ́ ẹ kó le dáadáa." Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé bí atẹ́gùn bá dín, ẹrù tí táyà lè gbé náà á dín. Ṣùgbọ́n àfikún atẹ́gùn kò lè sọ 104 di 110. Táyà tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀jù á máa tẹ̀, á máa gbóná, títí ara rẹ̀ á fi bó tàbí kó bẹ́ lórí eré.

Wọ́n á tún ní owó ò sí. A mọ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ wọn ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà lẹ́yìn náà, òkè òkun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà wa ti ń wá, àti tuntun àti tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n bí owó táyà tó tọ́ kò bá sí, ẹ dín ẹrù kù, kí ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó buwọ́ lu ìwé owó kì í sábà sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́. Àwa la máa ń wà níbẹ̀.

Ohun tí à ń fẹ́ kò le. Kí wọ́n tó ra táyà, kí wọ́n ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí ìwé ọkọ̀ náà, kí nọ́ńbà táyà tuntun má ṣe kéré sí ti ibẹ̀. Kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nọ́ńbà ẹrù tó ga kò wúlò lára táyà tó ti gbó.

Ẹ̀yin aṣojú kíláàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìrìn-àjò tó ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ka táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí wọ́n bá pè yín ní aláṣejù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín. Bí nọ́ńbà bá kéré, ká má wọ ọkọ̀ náà.