Àwòrán Oòrùn Lórí Òkè Yìnyín

 

Ìyá kan ní Sùúrùlérè gbé ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn ún wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, ń tọ́jú owó láti lọ sí Òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà, kó lè ya oòrùn nígbà tó bá ń yọ lórí yìnyín. Ìyá ní ìnákúnàá ni, pé ẹ̀mí ọmọ òun sì lè bá a lọ. Ọmọ ní iṣẹ́ òun ni. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ da ilé rú.

Ẹ̀yin màmá wa, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ní ọdún 1848, míṣọ́nnárì kan tó jẹ́ ará Jámánì, Johannes Rebmann, rí yìnyín lórí òkè náà. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní yìnyín kò lè wà ní ilẹ̀ tí oòrùn ti mú tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n yìnyín náà ń tán lọ. Láti ọdún 1912, ohun tó ti yọ́ nínú rẹ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ẹni tó fẹ́ yà á kò lè fi í di ọjọ́ ogbó.

Ìwọ ọmọ wa náà, ẹ̀rù ìyá rẹ kì í ṣe lásán. Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ga ní mítà 137. Kilimanjaro ga ní mítà 5,895. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, àìsàn orí òkè sì lè pa alágbára. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí o ń bì, tí o ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí.

Ẹ jọ jókòó ṣètò, bí ọkùnrin tó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́ nínú òwe Jésù. Ẹ kọ owó ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, owó ìwọlé, owó amọ̀nà tí òfin ibẹ̀ pa láṣẹ, aṣọ òtútù, àti owó ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kó mú káàdì rẹ̀ dání. Kó yan ìrìn ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Ti ọjọ́ márùn-ún lè dínwó, ṣùgbọ́n ara kì í ráyè mọ́ òkè. Oṣù kìíní àti ìkejì, tàbí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ni òjò kì í pọ̀.

Ní òru tó kẹ́yìn, nǹkan bí aago méjìlá ni wọ́n ń gbéra, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lókè. Òtútù a máa tán bátìrì kámẹ́rà: inú aṣọ, lẹ́bàá ara, ni kó fi pa mọ́ sí. Yìnyín a máa tan kámẹ́rà jẹ, àwòrán a ṣókùnkùn. Kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀ sí i.

Kí owó ńlá tó jáde, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní Òkè Ìdánrè, nítòsí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ. Ẹ rìn lọ́sàn-án, ẹ sùn síbẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó kí ẹ tó gùn ún ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ má lọ nígbà ọyẹ́, eruku yóò bo ojú ọ̀run. Màmá náà lè bá a lọ. Bí wọ́n bá jọ rí oòrùn tó yọ láàrin àpáta, bóyá ọ̀rọ̀ wọn yóò tún wọ̀.

Àwọn amọ̀nà Kilimanjaro a máa sọ fún àlejò pé, “Pole pole.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ta ló yẹ kó tètè gbọ́ ọ bí kò ṣe ará Sùúrùlérè? Sùúrù ló lérè.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ ọmọ wa. Àmín.