Ọ̀bẹ Ló Ṣìnà, Kì í Ṣe Ọ̀bọ

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lórí ọpọlọ ọ̀bọ a máa sọ pé láìsí ọ̀bẹ, kò sẹ́ni tó lè mọ ohunkóhun nípa iyè. Ìtàn ìwádìí náà gan-an ló ń já wọn nírọ́.

Ní 1953, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, William Scoville gé apá kan kúrò nínú ọpọlọ Henry Molaison nítorí wárápá. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tuntun kò dúró nínú iyè ọkùnrin náà mọ́ títí ó fi kú. Ohun tí Scoville àti Brenda Milner kọ nípa rẹ̀ ní 1957 ló mú kí àwọn onímọ̀ yíjú sí ọ̀bọ, láti wá ibi tí ìrántí ń gbé.

Ìdánwò tó péye ni kò tètè sí. Èyí tí Mortimer Mishkin àti Jean Delacour gbé jáde ní 1975 kò le rárá. Wọ́n á gbé àtẹ oníhò síwájú ọ̀bọ, nǹkan kan á bo ihò. Ọ̀bọ á ṣí i, á rí ẹ̀pà. Wọ́n á fi ìbòjú dí i lójú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí wọ́n bá ṣí i padà, nǹkan méjì ló máa bá níbẹ̀, èyí tó ti rí àti èyí tí kò rí rí. Abẹ́ èyí tí kò rí rí ni ẹ̀pà wà. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń lò nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, àfi kí ọ̀bọ rántí. Ta ni kò sì mọ̀ pé ohun tuntun kì í kọjá lójú ọ̀bọ kó má fọwọ́ kàn án? Ìwà tí wọ́n bá lára rẹ̀ ni wọ́n fi bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Ní 1978, Mishkin kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé bí wọ́n bá gé hippocampus àti amygdala kúrò pọ̀, ìrántí ọ̀bọ á bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé ọ̀kan ṣoṣo, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà á. Bẹ́ẹ̀, kí ọ̀bẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ó ti ba èèpo ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní perirhinal. Ní 1998, Elisabeth Murray àti Mishkin fúnra rẹ̀ fi kẹ́míkà pa hippocampus àti amygdala láìfọwọ́ kan èèpo náà. Àwọn ọ̀bọ náà ṣì ń dá ohun tí wọ́n ti rí mọ̀. Ogún ọdún gbáko!

Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ tú ohun tó ti sọ ká tó kí a yìn ín. Àwọn olóyè ìlú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn ọ̀bẹ á ní iṣẹ́ abẹ mìíràn ló tún un ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣìnà tó padà sí oríta kò tíì rìn síwájú, ọ̀bọ tí wọ́n gé ọpọlọ rẹ̀ kò sì ní oríta tó lè padà sí. Àtẹ àti ẹ̀pà ni kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun náà ló tú àṣìṣe fó.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó ń ṣàánú ẹranko ló yẹ kó máa rojọ́. Ẹni tó ń tọrọ ọ̀bẹ ni kó kọ́kọ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí, kó sọ ìbéèrè tí àtẹ àti ẹ̀pà kò lè dáhùn, kó sì sọ iye ọ̀bọ tí yóò gbà á.