Àṣíborí Tí A Kò De Okùn Rẹ̀, Fìlà Ni

Ẹni tó bá dúró fún wákàtí kan ní Ṣàgámù Interchange, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, yóò rí àṣíborí ní oríṣiríṣi ibi: lórí táǹkì epo, ní ìgunpá ọlọ́kadà, nígbà mìíràn lórí pàápàá. Ti orí yìí gan-an ni mo ń bá jà, nítorí okùn rẹ̀ ń fì lábẹ́ àgbọ̀n bí okùn ewúrẹ́ tó já.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC) bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, kí wọ́n má baà mú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ igbá yẹn sí àṣíborí tí a kò de? Nítorí ẹ̀ṣọ́ ni a ṣe dé méjèèjì, kì í ṣe nítorí orí.

Fóòmù líle wà nínú àṣíborí tó máa ń rún nígbà ìkọlù, kí agbára rẹ̀ má baà dé ọpọlọ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà lè kọ́kọ́ fi orí gbá ara mọ́tò kó tó gbá ọ̀dà. Bí kò bá sí ìdè, àṣíborí á ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀. Ìwádìí Cochrane ti 2008 sọ pé àṣíborí ń dín ikú àwọn tó ń gun alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Kí ni àǹfààní yẹn fún orí tí àṣíborí rẹ̀ ti yí wọ gọ́tà?

Wọ́n á ní ooru ń mú. Wọ́n á ní kò jìnnà, Mákùn níbí ni. Àwọn èrò á ní àwọn kò mọ orí ẹni tó dé e kẹ́yìn. Ìyẹn ní ọgbọ́n nínú, ṣùgbọ́n ẹ lè fi gèlè tínrín bo irun kí ẹ tó dé e. Ẹni tó ń bẹ̀rù òògùn, kó ra tirẹ̀. Àwa tí a gbà pé orí ni ẹlẹ́dàá ẹni, a wá ń fi í ta tẹ́tẹ́ lójú títì!

Ti àwa akẹ́kọ̀ọ́ tún burú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún wa ní àṣíborí, ti àgbà ni, ó ń yí lórí wa bí ìkòkò.

Ní Vietnam, ẹni tí kò de okùn rẹ̀ ń san ìtanràn bí ẹni tí kò dé àṣíborí rárá. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tiwa náà máa fa okùn yẹn wò. Ìka méjì péré ni kó lè wọ àárín okùn àti àgbọ̀n. Bí ọlọ́kadà bá ní òun ń kánjú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.